Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Iṣẹ́ Hẹ́lípà Nídìí Ẹ̀rọ Tó Ń Tẹ Róòdù

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣe bọ̀, a ti sọ̀rọ̀ lórí èlé, lórí ojúṣe onídùúró, àti lórí bí ó ṣe yẹ kí oníṣòwò máa kọ ọjà tó tà sílẹ̀. Ti oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó wà, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ ti bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kù díẹ̀ kó tún bá a lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé a ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́. A ra róòdù 12 fún àwọn òpó rẹ̀, ọ̀pá 93, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní tọ́ọ̀nù kan. Ọjọ́ tí a ń já ẹrù náà, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa wá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti lo ọdún mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ irin kan tí a kò ní dárúkọ. Ó ń bá wa já ẹrù. Nígbà tó ṣe, ó dúró, ó gbé ọ̀pá kan, ó gbé òmíràn, ó tún padà gbé ti àkọ́kọ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún alága, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, róòdù yìí kì í ṣe 12."

Alága ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú lo fi wọ̀n ọ́n ni?"

Ó ní, "Rárá sà, ọwọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gé mítà kan níbẹ̀, ká gbé e sórí òṣùwọ̀n."

A gé e. A ránṣẹ́ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja inú yìnyín. Irin náà wọ̀n tó 750 gíráàmù. Ọmọ náà ní 890 ló yẹ kó jẹ́. A bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ tí òun ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Kí a tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ẹ jẹ́ ká rántí pé kì í ṣe àjèjì sí agbègbè wa. Ní ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá ilé iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ tí yóò máa tẹ irin di róòdù: ọ̀kan ní Òṣogbo, ọ̀kan ní Jos, ọ̀kan ní Katsina. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà nígbà náà, ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ilé iṣẹ́ yìí kó lè tẹ irin tó 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ṣùgbọ́n wọn kì í yọ́ irin níbẹ̀ o. Aladja, lẹ́bàá Warri, ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, níbi tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 1982. Irin tó ń ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ń pè ní bílẹ́ẹ̀tì, irin gbọọrọ tó ní igun mẹ́rin bí ìtì igi tí a là. Nígbà tí ara Aladja kò le mọ́, Òṣogbo di ọlọ tí kò rí ata lọ̀. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìjọba ta ilé iṣẹ́ náà fún aládàáni.

Lónìí, púpọ̀ nínú róòdù tí a ń rà ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládàáni ní Ìkòròdú, ní Ògijo àti níbòmíràn. Irin àlòkù ni wọ́n sábà máa ń yọ́. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò wa tí wọ́n ń ké "kòndẹ́mù", tí wọ́n ń ra férémù kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀ńjìnnì ọlọ tó ti kú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù wọn ń já sí. Irin tó kúrò ní Olúpọ̀nnà bí àlòkù lè padà wá di òpó ilé wa.

Ó wá kan bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe mítì-páì, bó ṣe ń fi ìgò yí orí fúláwà. Bí fúláwà bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ló ń gùn sí i. Fúláwà kò pọ̀ sí i, kò sì dín, ó kàn ń gùn ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin. Wọ́n á ti bílẹ́ẹ̀tì bọ inú iná ìléru títí yóò fi pọ́n, ooru rẹ̀ a máa lé ní 1,100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Wọ́n á wá gbà á kọjá láàárín róólà méjì tó ń yí, tó ní ojú ihò gbígbẹ́ lára. Yóò jáde, yóò tún wọ àárín méjì mìíràn tí ihò rẹ̀ kéré sí ti ìṣáájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn, tí í fi ìlà sí i lára. Ohun tó wọlé bí ìtì á jáde bí okùn iná, yóò sì máa sáré ju bí ènìyàn ṣe lè sáré lọ.

Ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kan wà tó ń to ẹ̀rọ. Òun ló ń sọ bí róólà méjì yóò ṣe súnmọ́ra tó. Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní hẹ́lípà. Orúkọ yìí a máa tan ènìyàn jẹ. Àwa náà rò pé ẹni tó ń gbé sípánà ni. Ó ń gbé sípánà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ṣàlàyé ìyókù fún wa.

Bí wọ́n bá ti tẹ róòdù 16 tán tí wọ́n fẹ́ tẹ 12, gbogbo ẹ̀rọ á dúró. Iná ìléru kò ní kú o, owó ń jó lọ níbẹ̀ ní wákàtí wákàtí, nítorí náà gbogbo ojú ló ń bẹ lára ẹni tó ń to ẹ̀rọ àti hẹ́lípà rẹ̀. Hẹ́lípà ló ń lọ mú róólà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá iṣẹ́ mu. Róólà yìí kì í ṣe ohun àfọwọ́gbé, ṣéènì ni wọ́n fi ń gbé e. Hẹ́lípà ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú ihò rẹ̀, tí yóò wò ó bóyá ó ti sán. Yóò fi gírísì sí bẹ́rìn. Yóò wo ọ̀pá omi tó ń tu róólà lára, bóyá ìpẹ́ irin ti dí i. Lẹ́yìn náà ni gáìdì, irin kan tó dà bí ẹnu àrọ, tó ń darí irin gbígbóná bọ ojú ihò. Ọmọ náà ní nídìí gáìdì ni wọ́n ti ń mọ hẹ́lípà gidi. Bí gáìdì bá fi díẹ̀ yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ihò, irin tó ń bọ̀ kò ní wọlé. Yóò fò sókè bí ejò, yóò ká ara rẹ̀ jọ lókè orí àwọn ènìyàn, ó sì ń jó lójú. Ó ní bí ẹ bá gbọ́ ariwo rẹ̀, sísá ni o, ẹ má wẹ̀yìn.

Tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n á ju bílẹ́ẹ̀tì kan sí i fún ìdánwò. Hẹ́lípà yóò gé díẹ̀ nínú èyí tó jáde, yóò rì í bọmi, yóò wọ̀n ọ́n ní mítà kan, yóò sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Yóò ké iye rẹ̀ sí ọ̀gá. Ọ̀gá á yí ìdè róólà, wọ́n á tún dán an wò. Kì í tán níbẹ̀, nítorí ojú ihò róólà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí irin ti ń gbà á kọjá, nítorí náà hẹ́lípà á máa padà gé, á máa padà wọ̀n títí ṣíìfù yóò fi parí, á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kan tó wà nídìí ẹ̀rọ.

A bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ṣé kálípà kò tó ni? Ó ní ìlà ara róòdù ni kì í jẹ́ kí kálípà sọ òótọ́. Bí ẹ bá fi kálípà mú un lórí ìlà, ó lè pe 12 fún yín nígbà tí inú rẹ̀ jẹ́ 11. Òṣùwọ̀n kò mọ ìlà, irin ló mọ̀.

Ibí ni ẹ̀kọ́ wa ti kan àpò. Ẹ mú bírò. Ẹ mú iye mìlímítà róòdù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi 162 pín in. Iye tó bá jáde ni kílò tí mítà kan gbọ́dọ̀ wọ̀n. Fún róòdù 12: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Fi 162 pín in, ó di 0.89 kílò, ìyẹn 890 gíráàmù. Ọ̀pá kan gbọ́dọ̀ gùn ní mítà 12, nítorí náà ọ̀pá kan yóò wọ̀n tó kílò 10 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìdí tí 93 tàbí 94 fi ń pé tọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe é fún róòdù 10, mítà kan yóò jẹ́ 620 gíráàmù tí kò pé tán, ọ̀pá 134 tàbí 135 ló wà nínú tọ́ọ̀nù. Ti 16 jẹ́ kílò 1.58 ní mítà kan, ọ̀pá 52 tàbí 53 ni. Ẹ má sì gbàgbé láti fi téèpù wo gígùn rẹ̀, torí wọ́n máa ń ká ọ̀pá sí méjì kó tó wọ ọkọ̀, ẹni tó bá kàn ń wo ojú rẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ó pé mítà 12.

Èyí tí a rà ńkọ́? 750 gíráàmù, róòdù 11 gan-an nìyẹn. Ẹni kan nínú wa ní, "Mìlímítà kan péré? Kí ló wà níbẹ̀?" Ó wà níbẹ̀ o. 11 lọ́nà 11 jẹ́ 121, a sì ti rí i pé ti 12 jẹ́ 144. Irin tó sọnù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá 93 tí a pè ní tọ́ọ̀nù kan kò ju kílò 833 lọ. Òpó náà yóò sì pàdánù lára agbára rẹ̀.

Ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ká ní bílẹ́ẹ̀tì kan fẹ̀ ní 100 mìlímítà ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gùn ní mítà 6. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí 12, yóò bí ọ̀pá 44. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí 11, yóò bí 52. Ọ̀pá 8 gbáko láti inú bílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, láìfi irin kún irin, kí wọ́n ṣáà ti dé ìdè róólà díẹ̀ sí i. Ìyàtọ̀ díẹ̀ máa ń wà lóòótọ́, òfin ìwọ̀n pàápàá fàyè gba díẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ torí ogún gíráàmù pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ṣùgbọ́n 140 gíráàmù ní mítà kan kì í ṣe àṣìṣe róólà.

Ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn wá. Ó ní níbi tí òun ti ṣiṣẹ́, òun á gé irin, òun á wọ̀n ọ́n, òun á ké "755!", wọ́n á sì ní kí òun kọ 890 sínú ìwé. Ó kọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n gbà á sí, ta ni yóò kọ̀ fún?

Ẹ ti lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí a fi ń sọ pé ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí a kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà níbi tí a ti ń já róòdù ti rí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ nígbà tí irin wà láàárín róólà. Gbogbo ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní kí ó lọ yọ irin náà kó tó tutù mọ́ ibẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹlòmíràn lọ́hùn-ún tan jẹnẹrétọ̀, kò mọ̀ pé ènìyàn wà nídìí ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó pa súwíìṣì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó fi àgádágodo dè é.

Àgádágodo yìí, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ pa súwíìṣì rẹ̀, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ dè é, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wọlé, àgádágodo mẹ́ta ni. Iná ìbáà lọ, kó tún dé nígbà mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà kò ní yí títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi jáde wá ṣí tirẹ̀. Ìwọ̀nba owó ni wọ́n ń ta àgádágodo ní ọjà Ìwó.

Ilé iṣẹ́ san owó ìtọ́jú ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kọngílá ló mú un wá, pé òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Ìyá rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa láti fi tọ́jú ọwọ́ náà. Nígbà tó ń tọwọ́ bọ̀wé, ó ní ẹ̀yáwó ọjà gààrí ni, nítorí ìtìjú. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ kò bi í léèrè síwájú sí i. A gbà pé ó yẹ ká bi í.

Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ náà kì í ṣe òótọ́. Òfin kan wà láti ọdún 2010, òfin sísan owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó dárúkọ òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́, ó sì dárúkọ ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fara pa, tàbí àwọn ènìyàn rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu a máa gbó. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ìwé tí ẹni tó fara pa yóò kọ béèrè owó kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún kan.

Oṣù kẹjọ ni ọmọ yìí ti wà nílé kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wa, nídìí róòdù. Kò kọ ìwé kankan ní ọjọ́ 14 yẹn. Àmọ́ ó fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láti ọsibítù, iṣẹ́ náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ hàn. Akọ̀wé àti akápò bá a kọ ìwé, a so ẹ̀dà ìwé ọsibítù mọ́ ọn, a fi í sílẹ̀, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá mìíràn nínú ẹgbẹ́ tọrọ ẹ̀yáwó. Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ ṣe ní Ìkòròdú. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a má tilẹ̀ dáhùn. Ọmọ oníka mẹ́jọ yìí la pè kó wá bá wa sọ̀rọ̀, a sì rò pé yóò ní kí ọmọ náà má lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà dára, pé ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta ṣe hẹ́lípà lábẹ́ ọ̀gá tó mọṣẹ́ lè di ẹni tó ń to ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kò sì sí ilé iṣẹ́ irin tí kò wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ṣáà béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ṣé ilé iṣẹ́ ni àbí kọngílá. Ká béèrè bóyá wọ́n ń san owó NSITF. Kí ọmọ náà lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó wo ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bóyá bàtà onírin ni àbí sílípáàsì. Kó sì wo súwíìṣì bóyá àgádágodo wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń to ẹ̀rọ.

Nínú owó tí ìyá náà tọrọ, ìdajì jẹ́ owó tí ẹnì kan ní kó san kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé. Èyí ni a kò fọwọ́ sí. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ń tà kì í ní ìwé. A fọwọ́ sí owó ilé oṣù mẹ́ta, bàtà, ìbọ̀wọ́, akoto, kálípà kan àti àgádágodo kan. Ìyá náà kò dunnú sí i lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ti lọ wo ilé iṣẹ́ méjì báyìí, ó ní òun kò fẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ní ti róòdù ẹgbẹ́, a kó o padà. Ọlọ́jà náà kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, ó jókòó, ó ní iye ọ̀pá ni òun náà fi ń rà á, òun kò gbé e sórí òṣùwọ̀n rí. A gbà á gbọ́. Ó gba 60 padà lọ́wọ́ wa, a sì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìyókù. Láti ìsinsìnyí lọ, kílò ni ẹgbẹ́ yóò máa fi ra irin.

Mítà kan tí a gé níjọ́sí wà lórí tábìlì akọ̀wé, a so bébà mọ́ ọn pẹ̀lú iye tó wọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, kó gé mítà kan nínú róòdù tirẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ti ní àwọn yóò gbé òṣùwọ̀n wá, ṣùgbọ́n ẹ nu irin yín kí ẹ tó gbé e lé e.